Bí A Ṣe Ń Wo A Hard Day's Night Lójú Àwọn Tó Ṣe É

Fíìmù tí mo fẹ́ kí a jọ wò kì í ṣe fíìmù tuntun. Ọdún 1964 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti ìlú Liverpool, John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Ringo Starr, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Beatles, ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní A Hard Day's Night. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan á rẹ́rìn-ín, á gbọ́ orin, á sì rò pé ńṣe ni wọ́n kàn tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí wọ́n máa ṣe bó ti wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dà bí eré ọwọ́ nínú fíìmù yìí ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ìdí náà sì sábà máa ń jẹ́ pé owó kò tó, pé àkókò kò sí, tàbí pé ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí mo sì wá mọ ìdí wọ̀nyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ ju àwàdà inú rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2014, nígbà tí fíìmù náà pé àádọ́ta ọdún, nítorí pé Richard Lester tó darí rẹ̀ lọ́wọ́ sí àtúnṣe náà, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ débi pé ẹ ó rí omijé lójú àwọn ọmọbìnrin tó ń pariwo. Ẹ fi rìmóòtù sí ìtòsí, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ sì ṣètò láti wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ìṣẹ́jú 87 péré ni, kò gba gbogbo alẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dá a dúró rárá. Ẹ jẹ́ kí ìtàn náà, bó ti kéré tó, gbé yín lọ: àwọn mẹ́rin wọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá àgbà Paul tó bá wọn lọ ń dá wàhálà sílẹ̀ káàkiri, Ringo bínú jáde nílé eré, wọ́n wá a rí, wọ́n kọrin, ó tán. Kò sí ìtàn mìíràn níbẹ̀. Ẹ kàn gbádùn rẹ̀.

Kí ẹ tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní láti mọ ẹni tó bẹ̀ wọ́n ní fíìmù. Ilé-iṣẹ́ United Artists ti Amẹ́ríkà ló sanwó, ohun tí wọ́n sì ń wá gan-an ni àwo orin. Wọ́n ti wo àdéhùn tí àwọn ọmọ náà ní pẹ̀lú àwọn tó ń tẹ orin wọn jáde, wọ́n rí i pé kò dí wọn lọ́wọ́ láti fi orin fíìmù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n sì yára gba ojú ihò yẹn wọlé. Wọ́n rò pé òkìkí Beatles kò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí fíìmù náà ti dé sinimá ní oṣù keje ọdún 1964. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò ju nǹkan bí 200,000 pọ́ùn lọ, ìyẹn ló fà á tí fíìmù náà fi jẹ́ dúdú àti funfun. Ìtàn kan tí àwọn tó sún mọ́ iṣẹ́ náà máa ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n jókòó láti dúnàádúrà, Walter Shenson tó gbé fíìmù náà jáde ti múra tán láti fún wọn ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, ṣùgbọ́n Brian Epstein, alábòójútó Beatles, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ pé òun kò ní gbà kí ó dín sí ìdá 7.5. Ó dùn mí fún wọn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. A tún àdéhùn náà ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu.

Lester fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà tó wá tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣọ̀n. Beatles fẹ́ràn rẹ̀ nítorí fíìmù kúkúrú aláwàdà kan tó ti ṣe pẹ̀lú Peter Sellers àti Spike Milligan, àwọn aláwàdà tí wọ́n ti ń gbọ́ lórí rédíò láti kékeré. Alun Owen ló kọ ọ̀rọ̀ eré náà. Ó mọ ohùn àwọn ará Liverpool dunjú, wọ́n sì ní kó tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lọ sí Dublin ní oṣù kọkànlá ọdún 1963 kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n, ẹlẹ́wọ̀n tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Lester pàápàá máa ń rántí pé nígbà tí òun bi John bí ìrìn àjò wọn sí Sweden ṣe rí, kò dárúkọ ìlú kan tàbí ènìyàn kan, yàrá àti mọ́tò àti yàrá mìíràn ló kà sílẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú gẹ́gẹ́ bí okùn tí ẹ ó máa tẹ̀ lé. Ní ìgbà kejì tí ẹ bá ń wò ó, ẹ kíyè sí bí ògiri ṣe há mọ́ wọn ní ìdajì àkọ́kọ́: inú ọkọ̀ ojú irin, inú mọ́tò, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà tóóró lẹ́yìn orí ìtàgé. Ní ibi kan, bàbá àgbà náà ráhùn pé ibi gbogbo tí wọ́n mú òun lọ kò ju ọkọ̀ àti yàrá lọ. Ọ̀rọ̀ John ni Owen gbà, tó fi sí arúgbó náà lẹ́nu.

Ó yá, ẹ tẹ rìmóòtù. Ẹ ti máa gbọ́ ìró gìtá kan tó dún gbọ̀ngbọ̀n kí ẹ tó rí ohunkóhun. Nígbà tí iṣẹ́ yíyà fíìmù náà ti ń lọ sópin, wọn kò tíì ní orin tó bá àkọlé rẹ̀ mu. Ringo ló sọ gbólóhùn àkọlé náà lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ́: ó fẹ́ sọ pé ọjọ́ náà le, ó wòye pé ilẹ̀ ti ṣú, ó sì fi òru kún un láìdúró tún un sọ. John ti lo gbólóhùn náà nínú ìwé àwàdà tirẹ̀, In His Own Write, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Wọ́n ní kí ó wá orin fún un, ó sì gbé e dé kíákíá. Ẹ̀yìn káàdì ọjọ́ ìbí ọmọ ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, àwọn ènìyàn sì ti rí káàdì yẹn ní British Library ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ìró tó ṣí i ni gìtá olókùn méjìlá tí George ń ta, pẹ̀lú àwọn ohun èlò mìíràn lábẹ́ rẹ̀, dùùrù George Martin, ẹni tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń gba orin wọn sílẹ̀, sì wà nínú wọn. Àwọn olórin ṣì ń jiyàn títí dòní lórí ohùn tó para pọ̀ di ìró náà. Ẹ tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó jẹ́ kí àwòrán wọlé.

Nígbà tó bá wọlé, mẹ́ta nínú wọn ń sáré bọ̀ lójú pópó, èrò ń lé wọn. Ẹ dá a dúró ní kété tí George bá ṣubú. Ó ṣubú lóòótọ́, kò sí nínú ìwé eré, Ringo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀, òun náà balẹ̀, John sì bojú wẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ tún un wò díẹ̀díẹ̀: George ti dìde kí èrò tó bá a, kò dá eré náà dúró. Olùdarí mìíràn á ti ní kí wọ́n tún un sá. Lester fi í sílẹ̀, ó sì fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo fíìmù rẹ̀. Òpópónà náà ni Boston Place, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Marylebone, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì lọ yà á níbẹ̀, nígbà tí ibùdó náà kò ní èrò ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n Marylebone kọ́ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1964, kò tíì pé oṣù kan tí mílíọ̀nù 73 ènìyàn rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, wọ́n dé ibùdó Paddington, a sì rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré, ìyẹn Equity, ẹgbẹ́ tí òṣèré kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí nínú rẹ̀ nígbà náà. Orí pèpéle ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, Wilfrid Brambell àti Norman Rossington tí wọ́n jọ ń ṣeré sì ṣe onídùúró fún wọn. Ọkọ̀ náà gbé wọn lọ gba apá Minehead, ó ń lọ ó ń bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń ya fíìmù nínú rẹ̀ bó ti ń sáré. Nínú àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ wo èyí tó ní irun funfun, tí kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Pattie Boyd ni. Inú ọkọ̀ yẹn ni George ti rí i, wọ́n sì fẹ́ra ní oṣù kìíní ọdún 1966.

Ẹ wo ọwọ́ John náà. Níbi tí àwọn yòókù ti ń bá ọkùnrin olówó kan jiyàn lórí fèrèsé, ó gbé ìgò Pepsi sí ihò imú rẹ̀ kan, ó fà á, ó gbé e sí ìkejì, ó tún fà á. Kò sí ẹni tó wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kámẹ́rà kò sì sún mọ́ ọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù yìí ní igun àwòrán, òun ló sì fà á tí mo fi ní kí ẹ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí ìta ọkọ̀ tó ń sáré, wọ́n ń sá tẹ̀ lé e, ọ̀kan gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń bẹ ọkùnrin olówó náà kó fún wọn ní bọ́ọ̀lù wọn padà. Kò sí àlàyé kankan fún un. Ibẹ̀ ni Lester ti kọ́kọ́ fi hàn wá pé fíìmù òun kò ní tẹ̀ lé òfin ayé títí dópin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìran tí mo fẹ́ràn jù lọ, tí wọ́n wà nínú yàrá ẹrù tí wáyà yí ká, tí wọ́n ń ta káàdì. Orin bẹ̀rẹ̀. Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣẹ́jú: àwòrán kan yí padà, gìtá àti ìlù ti wà lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn wọlé, nígbà tí orin sì tán, káàdì tún ti padà. Àwọn ọmọbìnrin ń yọjú láàárín wáyà bí ẹni tó ń wo ẹranko nínú àgò. Bí yàrá náà ṣe ń mì jọ̀jọ̀ á mú yín gbà pé ọkọ̀ ń sáré. Sítúdíò Twickenham ni wọ́n kàn án sí, àwọn òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń mì í.

Ní ti bàbá àgbà, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ pé ó mọ́ tónítóní. Àwàdà yẹn kò yé ẹnikẹ́ni tí kò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà. Brambell jẹ́ òṣèré tó gbajúmọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tí BBC ń gbé jáde láti ọdún 1962, níbi tó ti jẹ́ bàbá tó ń ṣòwò àlòkù, tí ọmọ rẹ̀ máa ń pè ní arúgbó onídọ̀tí ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wí pé arúgbó yìí mọ́, gbogbo sinimá á bú sẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni ojú wa máa ń rí bí a bá fi àwàdà Bàbá Sàlá han ẹni tí kò bá wa dàgbà: ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan mìíràn ni pé ẹni nǹkan bí ọdún 52 ni Brambell nígbà náà, òun ló sì ń ṣe bàbá àgbà ẹni tó sún mọ́ ọdún 22.

Ẹ tún fetí sí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe kúrú tó. Owen mọ̀ pé àwọn mẹ́rin yìí kì í ṣe òṣèré, pé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn kò ní ṣeé ṣe fún wọn láàárín orin kíkọ àti ìrìn àjò, nítorí náà kò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ju gbólóhùn kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí gbogbo ayé wá yìn gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn gan-an, ìyẹn fífèsì wéré kí ẹnìkejì tó sọ̀rọ̀ tán, ìwọ̀n ohun tí wọ́n lè há sórí ló bí i. George sì ní ọ̀rọ̀ kan tó kórìíra láti sọ, grotty, tó túmọ̀ sí ohun tí kò dára rárá. Ìran tí wọ́n ti fẹ́ kó polówó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì kan ló ti sọ ọ́. Ojú tì í, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí Ringo ti ń dá rìn létí odò Thames, ẹ má ṣe wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Àwọn alárìíwísí yìn ín gan-an lórí ìran yẹn, wọ́n ní òṣèré gidi ni. Ringo fúnra rẹ̀ ló sọ òtítọ́ rẹ̀: ilé ijó lòun ti wá tààrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun kò sùn, ọtí kò tíì dá lójú òun, òun kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kankan tó wà nínú ìwé. Ni Lester bá ní kí ó kàn máa rìn, kí ó máa ta òkúta nípàá, kí ó máa wo omi. Ìbànújẹ́ tí ẹ rí lójú rẹ̀ kì í ṣe eré.

Pápá ni ẹ ó dé lẹ́yìn náà nínú àlàyé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kọjá nínú fíìmù kí Ringo tó dá rìn. Àwọn mẹ́rin já ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé eré, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin, wọ́n bọ́ sí gbangba, wọ́n ń fò, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń sáré yíká, orin Can't Buy Me Love ń lọ lórí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀run ṣí sílẹ̀ lórí wọn nìyẹn. Orin mìíràn ni wọ́n ti kọ fún un, I'll Cry Instead, Lester ló yí i padà. Ẹ wò ó bí kámẹ́rà ṣe ń sáré, tó ń falẹ̀, tó ń wò wọ́n láti inú hẹlikọ́pítà. Wàyí o, ẹ ka ènìyàn inú rẹ̀. Apá kan wà tó jẹ́ pé mẹ́ta ni ẹ ó kà. Pápá ìṣeré Thornbury ní Isleworth àti pápákọ̀ òfuurufú Gatwick ni wọ́n ti yà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin tí wọ́n sì wà ní Isleworth, John ti lọ sí ibi àsè ọ̀sán tí wọ́n ṣe nítorí ìwé rẹ̀ nínú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹsẹ̀ ń yára, àwòrán ń yí padà, ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀. Nítorí irú ìran báyìí ni MTV, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń gbé fídíò orin jáde, fi kọ̀wé sí Lester lẹ́yìn ogún ọdún pé òun ni bàbá fídíò orin. Ó fèsì pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún òun kí wọ́n tó lé ọmọ náà sí òun lọ́rùn.

Ìgbà kẹta, ẹ fo gbogbo ìyókù, kí ẹ lọ tààrà sí ilé eré. Scala ni orúkọ rẹ̀, ní òpópónà Charlotte, wọ́n sì ti wó o ní ọdún 1969, nítorí náà inú fíìmù yìí wà lára ibi tí a ti lè rí inú rẹ̀. Orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹnu tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àfarawé, a sanwó fún wọn kí wọ́n jókòó, a kò sanwó fún wọn kí wọ́n sunkún. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò And I Love Her ṣáájú, ẹ wo bí Gilbert Taylor, tó di kámẹ́rà mú, tó sì wá ya Star Wars lẹ́yìn náà, ṣe jẹ́ kí iná ńlá kọlu kámẹ́rà bó ti ń yí Paul po, tí ojú rẹ̀ fi ń wọ òkùnkùn tó ń jáde. Ọ̀mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni.

Nígbà tí eré gan-an bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àwọn olórin sílẹ̀, kí ẹ máa dá àwòrán dúró lórí àwọn èrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan jókòó láàárín wọn. Kò pariwo bí àwọn yòókù, ó fẹ́ gbọ́ ìlù. Orúkọ rẹ̀ ni Phil Collins. Ẹ má ṣe fi gbogbo alẹ́ wá a kiri, nítorí pé wọ́n gé orin kan, You Can't Do That, pẹ̀lú àwòrán àwọn èrò tó wà nínú rẹ̀, kúrò nínú fíìmù náà. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe A Hard Day's Night ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, orúkọ orin tí wọ́n gé yẹn ni wọ́n sọ ọ́, Phil Collins tó ti di onílù ńlá ni wọ́n sì pè kó wá ṣe atọ́nà rẹ̀. Ẹ wá ìyẹn náà, kí ẹ fi í ṣe ìgbà kẹrin.